Ilẹ̀ Tí Abẹ́òkúta Jókòó Lé Ń Rìn

Ọmọ Kẹ́mta ní Abẹ́òkúta ni èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ òkúta ni mo sì gbé wá lónìí.

Kò sí ọmọ Abẹ́òkúta tí òkúta ṣàjèjì sí. Orí òkúta la kọ́lé sí, orí òkúta làwọn ìyá wa ń sá láfún sí, abẹ́ òkúta làwọn baba ńlá wa sì sá sí ní ọdún 1830, nígbà tí ogun lé wọn kúrò ní Kẹ́mta Òrílé, ní Aké Òrílé àti ní ọ̀pọ̀ ìlú inú igbó Ẹ̀gbá, tí Ṣódẹkẹ́ sì ṣíwájú wọn wá síbí. Látọjọ́ náà, bí ọmọ Ẹ̀gbá bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ohun tó dúró gbọin-in, Olúmọ, òkúta tá a sá sí lábẹ́ yẹn, ló ń nawọ́ sí. Olúmọ kan náà ni mo fẹ́ sọ fún yín pé kò dúró sójú kan. Ó ń rìn. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ń rìn, Nàìjíríà ń rìn, gbogbo Áfíríkà ló ń rìn. Àwọn ilẹ̀ ńlá ayé ti pàdé rí, wọ́n ti pínyà rí, wọ́n sì tún máa pàdé. Ìpàdé kan nínú wọn ló bí òkúta tá a sá sí lábẹ́.

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá sórí afẹ́fẹ́ ni pé ẹ̀rí rẹ̀ wà nílẹ̀ wa níbí. Ó wà létí títì, ó wà níbi ìfọ́kúta, ó wà nínú kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ǹtì. Àwọn onímọ̀ ń ti òkè òkun wá wò ó, wọ́n sì ń kọ ìwé lórí rẹ̀. Àwa tá a ni ilẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ ìtàn rẹ̀, ká sì máa sọ ọ́ fọ́mọ ní èdè wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí bí ilẹ̀ ṣe ń rìn. Ojú ayé tá à ń tẹ̀ yìí kì í ṣe odidi kan. Ó pín sí awẹ́ awẹ́. Awẹ́ ńláńlá bíi méje tàbí mẹ́jọ ló wà, àwọn kéékèèké sì há sáàárín wọn. Awẹ́ kan lè nípọn tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà, òun ló sì gbé ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ òkun dání. Òkúta tó wà lábẹ́ awẹ́ gbóná gan-an, débi pé bó tilẹ̀ le, ó ń sún díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran. Níbi tí awẹ́ méjì bá ti ń fi ara wọn sílẹ̀, òkúta yíyọ́ á ru gòkè wá dí àlàfo náà, á tutù, á sì di ìsàlẹ̀ òkun tuntun. Níbòmíràn, etí awẹ́ tó ti gbó, tó ti tutù, tó sì ti wúwo, á rì wọ abẹ́ awẹ́ mìíràn, á máa fa ìyókù ara rẹ̀ tẹ̀ lé e. Èyí tó ń là wà láàárín Òkun Àtìláńtíìkì. Ẹsẹ òkè gígùn kan wà lábẹ́ omi níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti àríwá, ó sì lọ títí dé gúúsù. Brasil wà lọ́wọ́ ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, àwa wà lọ́wọ́ ìlà-oòrùn, lọ́dọọdún ló sì ń tì wá jìnnà síra.

Báwo ló ṣe yára tó? Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́dún. Bí èékánná ọwọ́ yín ṣe ń hù lọ́dún kan nìyẹn. Láti ìgbà tí Ṣódẹkẹ́ ti kó wa dé abẹ́ Olúmọ títí di òní, gbogbo ohun tí òkun náà fi fẹ̀ sí i kò tíì pé mítà mẹ́jọ. Kò sójú tó lè rí i. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ mú bírò, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ́nà mílíọ̀nù 100 ọdún, kìlómítà 4,000 ni. Láti Èkó dé ìlú Recife ní Brasil lónìí, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 4,500. Bíi mílíọ̀nù 100 ọdún sẹ́yìn náà sì ni àwa àti ilẹ̀ Recife já kúrò lára ara wa. Òkúta ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ìṣirò náà sì sún mọ́ ọn.

Ẹnì kan lè bi mí pé, bí ilẹ̀ bá ń rìn, kí ló dé tí ilé òun kò sún kúrò nídìí kànga òun? Ìbéèrè tó dáa ni. Awẹ́ kan náà ló gbé ilé yín, kànga yín, Odò Ògùn àti Olúmọ. Gbogbo wọn jọ ń lọ ni. Tá a bá fẹ́ mọ̀ pé a ń lọ, ìta la ó ti wò ó, bíi láti ara sátẹ́láìtì tó wà lókè. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀ ti gbé àwọn ẹ̀rọ GPS kalẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, wọ́n pe gbogbo wọn pọ̀ ní NIGNET. Ọ̀kan wà ní Yunifásítì Èkó, ọ̀kan wà ní Toro ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í kúrò lójú ibi tí wọ́n rì wọ́n mọ́, síbẹ̀ lọ́dọọdún ni sátẹ́láìtì ń fi hàn pé wọ́n ti sún sí apá àríwá àti ìlà-oòrùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ ni Áfíríkà kọjú sí.

Ọmọ Jámánì kan, Alfred Wegener, ló gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn onímọ̀ ní ọdún 1912, ó sì kọ ọ́ di ìwé ní 1915. Ó ní gbogbo ilẹ̀ ayé ti wà pa pọ̀ rí. Ó tọ́ka sí etí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àti etí ìlà-oòrùn Gúúsù Amẹ́ríkà, bí wọ́n ṣe wọnú ara wọn. Ó tọ́ka sí egungun ẹran inú omi kan tí wọ́n ń pè ní Mesosaurus, tí wọ́n rí nínú òkúta ní gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n sì tún rí ní Brasil. Ẹran kékeré ni, kò lè lúwẹ̀ẹ́ la òkun ńlá kọjá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà fún un, nítorí kò lè sọ agbára tó ń ti ilẹ̀. Ọdún 1930 ló kú sórí yìnyín Greenland níbi tó ti ń ṣèwádìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tíì rí ìtẹ́wọ́gbà. Ará Áfíríkà wà lára àwọn tó dúró tì í. Alexander du Toit, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, rìnrìn àjò lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà ní 1923, ó fi òkúta ibẹ̀ wé ti ilé rẹ̀, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1927: òkúta kan náà ni, bákan náà ni wọ́n tò léra.

Ẹ̀rí tó wá láti ẹkùn tiwa ló wọ̀ mí lára jù. Àwọn èròjà kan wà nínú òkúta tí wọ́n máa ń yí padà di òmíràn ní ìwọ̀n tí kì í yẹ̀. Bí a bá wọn iye tó ti yí padà àti iye tó ṣẹ́ kù, a ó mọ ọjọ́ orí òkúta náà. Ní 1967, Patrick Hurley ti yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Ní Gánà, wọ́n rí ààlà kan: òkúta apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ti tó bílíọ̀nù méjì ọdún, èyí tó wà ní ìlà-oòrùn sì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún. Ààlà náà wọ inú òkun nítòsí Accra. Wọ́n wá bi ara wọn pé: bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé Áfíríkà àti Brasil ti so pọ̀ rí, níbo ni ààlà yìí ti máa jáde lọ́hùn-ún? Ìlú São Luís ní Brasil ló bọ́ sí. Nígbà tí wọ́n wọn òkúta ibẹ̀, ààlà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, tòun ti ọjọ́ orí méjèèjì. Ìyẹn ni pé abala kan nínú ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣẹ́ kù sí Brasil lẹ́yìn ìpínyà.

Ọwọ́ ìlà-oòrùn ààlà yẹn, lọ́dọ̀ àwọn òkúta mílíọ̀nù 600 ọdún, ni ilẹ̀ Ẹ̀gbá wà. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn? Òkun kan wà nígbà náà láàárín ilẹ̀ tó di Nàìjíríà àti Benin lónìí, àti ilẹ̀ àtijọ́ tó di Gánà, Ivory Coast àti Burkina Faso. Ìsàlẹ̀ òkun náà ń rì wọ abẹ́ ilẹ̀ tiwa, omi ń dín kù, títí ilẹ̀ fi kọ lu ilẹ̀. Àpá ibi tí wọ́n ti kọ lura ṣì wà: ẹsẹ òkè tó gbéra láti Gánà, tó gba àárín Tógò kọjá, tó sì dé Atakora ní àríwá Benin. Ní òkè Kabyè ní Tógò, òkúta wà tí ìkọlù náà tì wọ ìsàlẹ̀ gan-an kó tó tún gbé e padà sókè. Ní 2014, Carlos Ganade de Araújo, ọmọ Brasil, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà ní Mali, ó wà ní Tógò, ó sì wà ní ìpínlẹ̀ Ceará ní Brasil, pé ìgbà kan náà ni gbogbo wọn wọ ìsàlẹ̀, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 610 ọdún sẹ́yìn, àti pé àpá náà gùn tó kìlómítà 2,500. Òkè tó dìde nígbà náà tó òkè Himalaya tó wà ní Éṣíà lónìí.

Ìsàlẹ̀ irú òkè bẹ́ẹ̀ ni òkúta Abẹ́òkúta ti wá. Bí ilẹ̀ ti ń nípọn sí i, ooru mú, apá kan nínú òkúta àtijọ́ yọ́, ó ru gòkè díẹ̀, ó sì tutù sínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ní ọ̀pọ̀ kìlómítà sísàlẹ̀. Báwo la ṣe mọ̀? Ẹ lọ wo òkúta tó wà lẹ́yìnkùlé yín. Ẹ da omi sí ojú kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ ó rí hóró funfun tàbí pupa rúsúrúsú, tí igun rẹ̀ gún régé, tí òmíràn gùn tó oríkèé ìka kan. Ẹ ó rí hóró tó mọ́ gaara láàárín wọn. Ẹ ó rí èyí tó dúdú, tó rí pẹlẹbẹ, tó ń kọ yẹ̀rìyẹ̀rì bí oòrùn bá bà á. Òkúta yíyọ́ tó bá tutù kíákíá lójú ilẹ̀ kì í ní hóró tó tóbi bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó bá pẹ́ gan-an nínú ooru kó tó tutù ni hóró máa ń ráyè dàgbà. Níbòmíràn, ẹ ó rí òkúta onílà funfun-dúdú, tí ìlà rẹ̀ ká wọ́ra, tó ṣẹ́ po. Òkúta tó dàgbà ju gíráníìtì, ìyẹn òkúta oníhóró tá a kọ́kọ́ wò, lọ nìyẹn. Àwọn kan nínú irú rẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn ti lé ní bílíọ̀nù méjì ọdún. Ìkọlù yẹn ló pò ó, tó sì ká a.

Kí wá ló gbé e dé òde? Òjò àti odò ni. Láàárín ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, ọ̀gbàrá wẹ òkè ńlá yẹn lọ títí ó fi kan gbòǹgbò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Kẹ́mta, Ìkìjà, Ìtòkò àti Ìjẹmọ̀, orí gbòǹgbò òkè tó ti wẹ̀ lọ la kọ́lé sí. Kò yà mí lẹ́nu pé ó ṣeé sá sí.

Ìkọlù tiwa jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀. Áfíríkà, Gúúsù Amẹ́ríkà, Íńdíà, Austrélíà àti Antarctica wá di ilẹ̀ kan, tí wọ́n ń pè ní Gondwana. Nígbà tó di nǹkan bíi mílíọ̀nù 335 ọdún sẹ́yìn, àwọn ilẹ̀ àríwá dara pọ̀ mọ́ wọn, gbogbo rẹ̀ sì di ilẹ̀ àpapọ̀ kan ṣoṣo, Pangaea. Kò sí Òkun Àtìláńtíìkì nígbà náà. Bí ènìyàn bá ti wà láyé, ì bá fẹsẹ̀ rìn láti Abẹ́òkúta dé Brasil.

Nígbà tó di nǹkan bíi mílíọ̀nù 200 ọdún sẹ́yìn, Pangaea bẹ̀rẹ̀ sí í là. Apá àríwá ló kọ́kọ́ là. Nígbà tó yá, gúúsù náà là, láti ìsàlẹ̀ Áfíríkà bọ̀ lókè, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Níbi tí ẹnu Odò Ọya ti wọ òkun lónìí, ìlà mẹ́ta pàdé. Méjì di òkun. Ẹ̀kẹta wọ inú ilẹ̀ lọ sí apá Yola, ó sì dáwọ́ dúró lójú ọ̀nà. Inú rẹ̀ ni Odò Bẹ́núé ń ṣàn gbà títí dòní. Ká ní kò dáwọ́ dúró ni, òkun ì bá ti pín Nàìjíríà sí méjì. Láàárín ẹkùn wa yìí àti àríwá-ìlà-oòrùn Brasil ni ìdè ìkẹyìn ti já.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló tọ́jú ẹ̀rí ìpínyà náà. Ẹ kúrò láàárín Abẹ́òkúta, ẹ forí lé ọ̀nà Èkó. Kò pẹ́ tí òkúta líle fi máa wábi gbà, tí ilẹ̀ á di pupa, tó jẹ́ kìkì yanrìn. Ìgbà tí etí ilẹ̀ ń rì, tí òkun sì ń ṣí, ni odò kó yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ wá dà síbẹ̀, lórí gbòǹgbò òkè àtijọ́ náà. Jones àti Hockey, tí wọ́n kọ̀wé fún iléeṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ ti Nàìjíríà ní 1964, fi orúkọ ìlú wa pe ìpele yanrìn yìí: Abeokuta Formation. Orúkọ náà wà nínú ìwé jíọ́lọ́jì káàkiri ayé.

Ẹ tún máa lọ díẹ̀, ẹ ó dé Ewékorò. Òkúta ẹfun tí wọ́n ti fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì níbẹ̀ láti 1960 ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 ọdún. Bí ẹ bá mú ègé kan lọ́wọ́, ẹ ó rí ìkarahun nínú rẹ̀: ti ìgbín inú òkun, ti ìṣáwùrú, ti ẹran inú omi oríṣiríṣi, wọ́n pọ̀ jọ, wọ́n sì le gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ jíọ́lọ́jì wa, tẹ iṣẹ́ ńlá kan jáde lórí wọn ní 1977. Òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí kò jìn ló wà níbi tí tírélà sìmẹ́ǹtì ń gbà kọjá lónìí. Nítorí náà, láàárín ìrìn ọkọ̀ tí kò tó wákàtí méjì, ọmọ Ẹ̀gbá lè fọwọ́ kan ìpàdé ilẹ̀ ní Olúmọ, kó fọwọ́ kan ìpínyà ilẹ̀ nínú yanrìn ojú ọ̀nà, kó sì fọwọ́ kan òkun tó wọlé lẹ́yìn náà ní Ewékorò.

Àpá ìpínyà náà a sì máa mì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, ilẹ̀ mì tìtì ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n sì gbọ́ ọ ní Abẹ́òkúta níbí. Ní oṣù keje 1984, ó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde. Èyí tó le jù ní ẹkùn wa ni ti Accra ní oṣù kẹfà 1939, tó wó ilé tó sì gba ẹ̀mí. Àárín awẹ́ Áfíríkà la wà, ìdí nìyẹn tí tiwa kì í fi í le bíi ti Japan. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà àtijọ́ ṣì wà nínú ilẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń kọ́lé alájà púpọ̀ rántí bẹ́ẹ̀.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ Recife kí n má kan àwọn ènìyàn wa. Wọ́n kó ọmọ Yorùbá lẹ́rú la òkun yẹn kọjá, ọmọ Ẹ̀gbá wà lára wọn. Ní Recife títí dòní, Xangô, ìyẹn Ṣàngó wa, ni wọ́n fi ń pe ẹ̀sìn òrìṣà. Wọ́n sì ń bọ Yemọja, tí í ṣe òrìṣà Odò Ògùn tiwa. Lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, òkúta tí ìkọlù kan náà bí ló wà, ọmọ nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún, bíi ti abẹ́ ẹsẹ̀ wa níbí. Àwọn tí wọ́n fi tipátipá mú lọ kò mọ̀ pé ilẹ̀ tí wọ́n gúnlẹ̀ sí ti jẹ́ ọ̀kan pẹ̀lú ilé wọn rí. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wọn mọ̀, kí àwa náà sì mọ̀.

Kí ló wá ń bọ̀ níwájú? Áfíríkà ń lọ sí àríwá, ó ń ti Yúróòpù. Òkun Mẹditaréníà tó wà láàárín wọn ń dín kù, yóò sì dí, òkè ńlá yóò dìde níbẹ̀. Ní ìlà-oòrùn, ilẹ̀ Áfíríkà fúnra rẹ̀ ń là, láti Ethiópíà gba Kẹ́ńyà lọ sí gúúsù. Ní oṣù kẹsàn-án 2005, ilẹ̀ la ní agbègbè Afar ní Ethiópíà, ìlà náà gùn tó kìlómítà 60, láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré.

Níwájú pátápátá, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 200 sí 300 ọdún sí i, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé gbogbo ilẹ̀ yóò tún pa pọ̀. Ibi tí wọn ò tíì fẹnu kò sí ni ọ̀nà tó máa gbà. Christopher Scotese, ọmọ Amẹ́ríkà, sọ pé Òkun Àtìláńtíìkì ló máa dí, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rì létí, tí Amẹ́ríkà yóò sì padà wá pàdé Áfíríkà. Ó pe ilẹ̀ àpapọ̀ náà ní Pangaea Ultima, ó sì tún pè é ní Pangaea Proxima. Àwọn mìíràn ní Òkun Pàsífíìkì ló máa dí, tí Amẹ́ríkà yóò gba ẹ̀yìn lọ bá Éṣíà. Ní 2012, Ross Mitchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale sọ pé apá òpin àríwá ayé ni Amẹ́ríkà àti Éṣíà yóò ti pàdé, wọ́n ń pe ìyẹn ní Amasia. Bó bá jẹ́ ti Scotese ló ṣẹ, àpá tó gba Tógò àti Ceará kọjá á tún sún mọ́ra, lẹ́yìn mílíọ̀nù ọdún tí ẹnu kò lè kà tán.

Báwo ni ibẹ̀ yóò ṣe rí? Ní 2023, Alexander Farnsworth ti Yunifásítì Bristol àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà ṣírò ojú ọjọ́ Pangaea Ultima. Oòrùn yóò ti fi nǹkan bí ìpín méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún mọ́lẹ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ. Àárín ilẹ̀ náà yóò jìnnà sí òkun, atẹ́gùn tútù kò ní dé ibẹ̀. Òkè oníná yóò máa tú kábọ́nì sí afẹ́fẹ́. Ooru á kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius ní ọ̀pọ̀ ibi. Wọ́n ní ibi tí ẹran afọ́mọlọ́mú yóò lè gbé lórí gbogbo ilẹ̀ náà kò ní ju ìpín mẹ́jọ sí mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà. Kò kan àtọmọdọ́mọ wa tí orúkọ wa lè dé etí rẹ̀. Ohun tó kàn wá ni ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀: kábọ́nì tí ń ti inú ilẹ̀ bọ́ sí afẹ́fẹ́ ló ń mú ayé gbóná. Èyí tí ìrìn ilẹ̀ ń fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún ṣe, àwa ń fi igba ọdún ṣe é. Ẹ wo Ewékorò lẹ́ẹ̀kan sí i. Kábọ́nì tí àwọn ẹran òkun wọnnì fi mọ ìkarahun wọn ti wà ní ìpamọ́ nínú òkúta fún mílíọ̀nù 60 ọdún. Bí wọ́n bá ti fi iná sun òkúta náà láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, ó di èéfín lọ́jọ́ kan. Nínú gbogbo kábọ́nì tí ọmọ aráyé ń tú jáde, ṣíṣe sìmẹ́ǹtì ló ni bí ìpín méje sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé la sì gbọ́dọ̀ kọ́, mi ò ní ká má kọ́lé. Mo ní kí á mọ iye ohun tá à ń ná: kí á má fi sìmẹ́ǹtì ṣòfò, kí á má da kọnkéré bo gbogbo àgbàlá, kí á gbin igi síbi tá a ti wó igi.

Bákan náà ni òkúta wa. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ àti àdó fọ́ gíráníìtì ní agbègbè Ọ̀dẹ̀dá, tírélà ń kó o lọ sí Èkó. Iṣẹ́ ajé ni, ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Ṣùgbọ́n òkúta tó bá ti fọ́, kò ní hù mọ́, ìtàn tó wà lára rẹ̀ bá a lọ ni.

Ohun mẹ́ta ni mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ kúrò lórí pátákó nìkan. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sórí òkúta tó wà nítòsí ilé ìwé, ẹ jẹ́ kí wọ́n da omi sí i, kí wọ́n ka àwọ̀ hóró inú rẹ̀, kí wọ́n sì fi Yorùbá sọ ohun tí wọ́n rí. Èkejì, ẹ̀yin aláṣẹ tó ń ṣàbójútó Olúmọ, bí a ti ń sọ ìtàn ogun àti ti Ṣódẹkẹ́ fún àlejò, ẹ jẹ́ ká máa sọ ìtàn òkúta náà mọ́ ọn, ká kọ ọ́ ní Yorùbá gàdàgbà síbi tójú ọmọdé á tó o. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ibi ìfọ́kúta, kí ẹ tó fọ́ ojú òkúta tuntun, ẹ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ láti yunifásítì wa wá yà á, kí wọ́n mú ègé kan pa mọ́. Kò ní dí yín lọ́wọ́ ju ọjọ́ kan lọ.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kàn yín náà. Bí ọmọ bá bi yín lọ́la pé, "Bàbá, ta ló gbé òkúta yìí síbí?", ẹ má ṣe ní kó dákẹ́. Ẹ ní ìdáhùn báyìí. Ẹ sọ fún un pé Ọlọ́run ló dá ilẹ̀, ó sì dá a ní èyí tó ń rìn. Pé ilẹ̀ méjì kọ lura ní mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, òkè dìde, òkè wẹ̀ lọ, gbòǹgbò rẹ̀ la sì ń gbé lórí. Ẹ ní kó lọ wò ó fúnra rẹ̀, kó wá padà sọ ohun tó rí fún yín.